Bí o ṣe máa dá "fons" mọ̀ níbikíbi tó bá ti yọjú

Recte sapere fons, ìyẹn "ìrònú tó tọ́ ni orísun" ní èdè Látìn, ni àkọmọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Látìn ní Agbowó máa ń kà á bí orin, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n mú fons, orísun, nìkan kí wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà, ẹnu wọn á wọhò. Ibẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ohun tí wàá bá ni fons, fontis, m. M yẹn ń sọ pé akọ ni ọ̀rọ̀ náà. Má fojú fo fontis o! Gé -is kúrò lára rẹ̀, á ku font-. Òun ni gbogbo ìparí yòókù ń lẹ̀ mọ́.

Lédè wa, ipò ọ̀rọ̀ la fi ń mọ ẹni tó ṣe nǹkan: "Adé na Òjó" yàtọ̀ sí "Òjó na Adé". Ìparí ọ̀rọ̀ ni Látìn ń wò ní tiẹ̀. Puella fontem videt: ọmọbìnrin náà rí ìsun omi. Kọ ọ́ ní Fontem puella videt, ọmọbìnrin yẹn náà ló ṣì ríran, torí -em ti fi hàn pé àbọ̀ ni ìsun. Aqua fontis, omi ìsun nìyẹn. Ex fonte, láti inú ìsun. Fonti ni tí a bá ń fún un ní nǹkan. Tó bá di púpọ̀, fontes ni olùwà àti àbọ̀. Fontibus dípò fonti àti fonte. Fontium ni "ti àwọn ìsun". Ṣọ́ fontium yẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé i inú rẹ̀.

Omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ ni fons níbẹ̀rẹ̀, kó tó di orísun ohunkóhun. Irú ti kejì yìí ni Horace, akéwì Róòmù, lò: Scribendi recte sapere est et principium et fons. Ìwé kíkọ tó dáa, ọgbọ́n ni ìbẹ̀rẹ̀ àti orísun rẹ̀. Wò ó dáadáa: scribendi, ìyẹn ìwé kíkọ, ni recte, ìyẹn "dáadáa", ń bá rìn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gé gbólóhùn náà kúrú ni recte wá lẹ̀ mọ́ sapere, ìyẹn ọgbọ́n tàbí ìrònú, tó fi di "ìrònú tó tọ́ ni orísun". Lójú tèmi, gígé náà dùn. Fons kò sì yí padà, torí ohun tí sapere jẹ́ ló ń sọ. Est, ìyẹn "ni", ló fara pamọ́.

Ó yá, mú mons, montis, òkè, àti pons, pontis, afárá. Kọ gbogbo ìrísí wọn sílẹ̀ láìwo ìwé.