Mọ́tò Tí Kì Í Jẹpo Púpọ̀ Náà Dùn-ún Wà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Adùn Rẹ̀ Jẹ́

Ẹ dárúkọ háíbíríìdì, ìyẹn mọ́tò tó ń lo ẹ́ńjìnnì elépo àti ẹ́ńjìnnì oníná pọ̀, ní gáréèjì Kàbbà, ohun méjì lẹ máa gbọ́: "Mọ́tò yẹn ò lágbára," tàbí "Bátìrì rẹ̀ á sọ yín di onígbèsè." Àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti wọ èyí tó ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín rí, tàbí kí wọ́n ti bá ọ̀kan níbi tó kú sí lójú ọ̀nà Ìsánlú. Ṣùgbọ́n kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀bi mọ́tò náà. Bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń wà á àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ló ń pa adùn rẹ̀. Mo fẹ́ràn mọ́tò gan-an, mo sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi máa mọ́ bó ṣe mọ́. Mi ò gbà pé dandan ni kéèyàn pàdánù ọ̀kan kó tó rí èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa báyìí. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500, kí ọdún 2024 sì tó parí ó ti ré ₦1,000 kọjá. Toyota Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2009 lè fi lítà kan rin nǹkan bíi kìlómítà 19. Lọ́kọ́jà sí Kàbbà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, nítorí náà lítà márùn-ún á gbé e délé, á tún ṣẹ́kù díẹ̀. Epo tí mọ́tò kò jó yẹn náà ni èéfín tí kò ní wọ ihò imú àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àmọ́ ẹni tó bá rà á nítorí epo nìkan, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbádùn rẹ̀, kì í pẹ́ tà á.

Ẹ má fi ariwo díwọ̀n agbára

Lọ́dọ̀ wa, mọ́tò tó bá ń bú ramúramù la gbà pé ó lágbára. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì elépo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dáadáa kí agbára rẹ̀ tó jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń padà sí gíà kékeré nígbà tí ẹ bá fẹ́ gun òkè. Ẹ́ńjìnnì oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára ìfà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ ṣe tẹ tírótù ló ti lọ, láìpariwo, láìjá gíà.

Àwa tí òkè yí ká ló yẹ ká kọ́kọ́ mọyì èyí. Ní Amẹ́ríkà, òkè kan wà ní ìpínlẹ̀ Colorado tí wọ́n ń pè ní Pikes Peak, wọ́n máa ń fi mọ́tò díje gun ún. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 20, kọ́nà 156 ló wà níbẹ̀, òpin rẹ̀ sì ga tó mítà 4,300. Lọ́dún 2018, Romain Dumas gbé Volkswagen ID.R gun ún ní ìṣẹ́jú méje àti ìṣẹ́jú-àáyá 57. Iná nìkan ni mọ́tò yẹn ń lò, kò sì sí mọ́tò elépo kankan tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ lórí òkè náà kó tó dé. Bí òkè bá ṣe ń ga ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì elépo tó nílò afẹ́fẹ́ láti fi jó epo rẹ̀ á wá máa rẹ̀ sílẹ̀. Oníná kò mí afẹ́fẹ́ kankan.

Ẹ lè sọ pé mọ́tò ìdíje nìyẹn. Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ ti tòkunbọ̀. Lexus RX 400h tó jáde ní 2005 ní agbára ẹṣin 268, nígbà tí RX 330, ìkejì rẹ̀ tí kò ní bátìrì ńlá, ní nǹkan bíi 230. Háíbíríìdì ló lágbára jù nínú méjèèjì, òun náà ló jẹpo kéré jù. Toyota Highlander oníháíbíríìdì ìgbà yẹn náà ní 268. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan nínú wọn gba ọ̀nà Kàbbà sí Ògìdì lówùúrọ̀, níbi tí àpáta ti dúró lọ́tùn-ún lósì, tó sì tún ń sọ pé mọ́tò náà kò lágbára, bóyá kò tẹ tírótù rárá ni.

Bọ́tìnnì tí wọ́n fi sílẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó wúwo

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí níbí ni adùn wà.

Prius tó jáde láàárín ọdún 2010 sí 2015 ní bọ́tìnnì mẹ́ta nítòsí ọwọ́ gíà: EV (iná nìkan), ECO àti PWR. Èmi a máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù bí mo bá wọ mọ́tò ẹlòmíì, lọ́pọ̀ ìgbà ECO ló wà ní títàn látìgbà tí wọ́n ti rà á. ECO ń mú kí tírótù lọ́ra: ẹ tẹ ẹ́ dé ìdajì, mọ́tò á ṣe bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kàn án. Ó dára nínú ìlú, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀. Lójú ọ̀nà gbangba, ẹ pa á. Tí ẹ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ẹ tẹ PWR. Lexus CT 200h ní bọ́tìnnì róbótó tí wọ́n ń yí sí apá Sport fún irú iṣẹ́ kan náà. Kì í ṣe pé PWR ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì o, ó kàn ń jẹ́ kí mọ́tò tètè gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ yín lẹ́nu ni.

Àwọn mìíràn sì ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á tẹ tírótù kanlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pariwo gooro bí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n á ní gíà ti bàjẹ́. Gíà Toyota háíbíríìdì kì í já láti kíní sí kejì bí èyí tí a mọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan tó ti lágbára, kí táyà máa lé e bá. Ẹ tẹ ẹ́ dé ìwọ̀n ìdá méjì nínú mẹ́ta, pẹ̀lú ìpinnu, kó gbé yín dé ìwọ̀n eré tí ẹ fẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, iná á gba iṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ á gba inú mọ́tò débi pé ẹ ó máa gbọ́ ohùn táyà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe é léraléra á rí i pé bí eré ni: báwo ni mo ṣe lè dé ìlú Ìyàrá kí ẹ́ńjìnnì sì wà ní kíkú fún ibi tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà? Mi ò tíì rí mọ́tò elépo kan tó ń fún awakọ̀ ní irú ìgbádùn yẹn.

Ìsọ̀kalẹ̀ òkè ńkọ́? Bí ẹ bá dẹ ẹsẹ̀ tàbí tí ẹ rọra tẹ bírèékì, mọ́tò á sọ ara rẹ̀ di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì. Ẹ ó rí i lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bó ṣe ń kún. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan máa ń dúró kí kọ́nà tó sún mọ́ wọn tán kí wọ́n tó rọ́ bírèékì mọ́lẹ̀. Bírèékì òjijì yẹn ni irin ń ṣe, ooru ló ń dà, iná tó yẹ kó padà sí bátìrì á ṣòfò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn á fi gíà sórí lẹ́tà B láti Kàbbà títí dé Mọ̀pà, wọ́n gbà pé B ni bátìrì. B kì í ṣe fún rírìn lójoojúmọ́. Ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ló wà fún, kó lè fi ẹ́ńjìnnì di mọ́tò mú kí bírèékì má baà gbóná. Bí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ẹ dá a padà sí D.

Ọ̀nà kọnkéré tí Dangote ṣe láti Ọbájànà wá sí Kàbbà, nǹkan bíi kìlómítà 43, dára fún gbogbo èyí nítorí ó tẹ́jú. Síbẹ̀, tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ níbẹ̀. Agbára òjijì tí iná ń fún yín lè ti yín láti yà á sílẹ̀ níbi tí ẹ kò ti rí iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nínú kọ́nà. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè má gbọ́ yín bí ẹ ṣe ń bọ̀.

Rírà láìwò

Háíbíríìdì lásán kò nílò kí ẹ fi í ṣaájì nílé, ó ń ṣaájì ara rẹ̀ ni. Èyí tí a ń kì bọ iná ni oníná pátápátá, ìyẹn gan-an sì gba ìrònú. Bátìrì tó gba kílówáàtì-wákàtí 60, tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, lè gbà ju wákàtí 24 lọ kó tó kún. Ẹ ka iye wákàtí tí iná ń wà ládùúgbò yín kí ẹ tó náwó. Tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ fi ṣaájì rẹ̀, èéfín tí ẹ ń sá fún ti padà sí ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹni tó bá ní sólà tó pọ̀ lórí ilé, tí kì í rìn jìnnà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, á gbádùn rẹ̀ gan-an. Bátìrì oníná sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ mọ́tò, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń di kọ́nà mú tí kò sì fì. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí kòtò ńlá àti ìdíwọ̀n-eré gíga léwu fún un, nítorí náà ẹ wo bó ṣe ga sílẹ̀ tó.

Nissan Leaf ni olówó pọ́ọ́kú nínú wọn, ó jáde ní 2010. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fi omi tu bátìrì rẹ̀ lára, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Lọ́kọ́jà gbóná, gbogbo wa la mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn Leaf ìbẹ̀rẹ̀, àmì kéékèèké 12 ló ń sọ bí ara bátìrì ṣe le tó. Bí ẹ bá ka mẹ́jọ, ẹ má san owó méjìlá.

Ní ti Prius àti Lexus, ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò dání, kó ka fọ́lítéèjì bátìrì lẹ́yọ lẹ́yọ. Iná tí kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn kan ń pa á kí oníbàárà tó dé.

Àpò iṣu lórí ihò bátìrì

Ìjókòó ẹ̀yìn Prius ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fáànù wà nínú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù sí bátìrì. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ti oko dé, àpò iṣu tàbí gàrí la máa ń tì síbẹ̀. Bátìrì á gbóná, kọ̀ǹpútà á dín agbára kù, awakọ̀ á ní mọ́tò kò gbé òkè mọ́. Ẹ gbé ẹrù kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí rìwáyà tú fáànù náà, kó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí nínú mọ́tò gbé iná tó ju 200 fóòtì lọ, kí mẹkáníìkì tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan tún ń ra rímù ńlá àti táyà fífẹ̀ kó lè dára lójú. Mọ́tò á wúwo lẹ́sẹ̀, epo tó ń jẹ á pọ̀ sí i. Táyà tó wá pẹ̀lú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, ló dára jù.

Gáàsì CNG tí wọ́n so jákujàku

Ẹni tí kò bá lágbára háíbíríìdì lè yí mọ́tò rẹ̀ sí CNG, ìyẹn gáàsì àdánidá tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà. Ó mọ́ ju bẹntiróòlù lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti bẹntiróòlù. Agbára á dín díẹ̀, bútù á kún, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ lo sílíńdà tí kì í ṣe ti CNG, tàbí èyí tí wẹ́dà ti jó. Gáàsì yẹn ń tì tó nǹkan bíi 200 báà nínú sílíńdà, ti ìdáná kò sún mọ́ ọn rárá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì gba ìwé sílíńdà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ó bá kú sọ́nà

Bátìrì kékeré oní-12 fóòtì ló sábà máa ń fa èyí, nínú ọ̀pọ̀ Prius ó wà lẹ́yìn, nínú bútù. Tí ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò ẹlòmíì jí i, ẹ wo pọ́síìtíìfù àti nẹ́gétíìfù lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá so wọ́n lódì, ẹ̀rọ tó ń yí iná padà lè jó, owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ má sì fi okùn fà á lọ sí Ẹgbẹ̀ pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀, bí a ṣe ń fa Corolla. Táyà iwájú tó ń yí ń mú iná jáde nínú gíà nígbà tí kò sí ohun tó ń darí rẹ̀, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ pe ọkọ̀ tó lè gbé e sẹ́yìn, bí kò bá sì sí, kí wọ́n gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó fà á.