Alkalinity omi hot tub: ohun tẹ́ ẹ ń bi mí lójoojúmọ́

Mò ń bá àwọn èèyàn wa ní London àti Kent tọ́jú hot tub (ìwẹ̀ ńlá olómi gbígbóná), ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná kẹ́ ẹ tó pè mí.

Strip (pépà tá à ń tì bọ omi láti fi wọn alkalinity) sọ pé 40 láàárọ̀, ó sọ pé 120 lálẹ́. Èwo ni kí n gbà?
Ẹ ò tíì lè gba ìkankan. Ṣé ọjọ́ strip yẹn ò tíì kọjá? Ṣé ọwọ́ tí omi wà lára ẹ̀ lẹ fi ń yọ ọ́ nínú ike? Iye sẹ́kọ́ǹdù tí wọ́n kọ sára ike ni kẹ́ ẹ fi wo àwọ̀ ẹ̀, ẹ má lọ gbé fóònù ná.

Ṣé alkalinity kọ́ ni pH?
Rárá o. pH ló ń sọ bí omi ṣe kan tó, alkalinity ló ń di pH yẹn mú kó má máa lọ sókè sódò. Ibi tó yẹ kí wọ́n wà nìyí: alkalinity 80 sí 120 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù), pH 7.2 sí 7.8.

Omi tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ sí i, ó ti wà ní 240!
Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ apá ibí ló gba inú òkúta ẹfun kọjá, òun náà ló ń lẹ̀ funfun mọ́ inú kettle yín. Ẹ fi pH minus díẹ̀díẹ̀ gbé pH wálẹ̀ sí bíi 7.2, kẹ́ ẹ wá ṣí afẹ́fẹ́ jet kó máa hó, pH á padà gòkè àmọ́ alkalinity ò ní tẹ̀ lé e. Ẹ tún un ṣe títí á fi wálẹ̀ dáadáa, ó lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan, ẹ má da gbogbo ike sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Tèmi wà ní 50 ńkọ́?
Baking soda. Gíráàmù 18 nínú lítà 1,000 á gbé e sókè ní 10 ppm. Mo ní soda o, baking powder kọ́.

Mo ń lo test olómi tí wọ́n ń kán, kò pọ́n, yẹ́lò ló dà.
Chlorine inú omi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó tún un wò.

Alkalinity mi ò níṣòro, 90 ni, àmọ́ pH ń já ṣáá.
Èyí gan-an ló fojú mi rí nǹkan. Hot tub màmá kan ní Kent, strip sọ pé 90, test olómi náà sọ pé 90, síbẹ̀ tí mo bá gbé pH sí 7.5 lónìí, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti já sí 6.9, mo da pH plus títí ó sú mi, mo pààrọ̀ strip, mo fọ filter, mo tiẹ̀ rò pé màmá ń da nǹkan míì sí i tí wọn ò fẹ́ sọ, nígbà tó yá hítà dípẹtà, wọ́n sì fowó gidi ra òmíì. Ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ kan ni mo wá gbé ike chlorine wọn tí mo kà á: dichlor ni, irú chlorine kan, bẹ́ẹ̀ dichlor máa ń gbé stabiliser (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè pa chlorine) dání, tí chlorine bá ṣiṣẹ́ tán stabiliser ò ní lọ, ńṣe lá máa pọ̀ sí i. Wọ́n ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù láìpààrọ̀ omi. Mo fi omi mímọ́ la omi hot tub náà ní ìlàjì kí test stabiliser tó lè kà á, mo wá ṣe é ní ìlọ́po méjì: 200! Test alkalinity sì máa ń ka stabiliser mọ́ alkalinity, tí pH bá wà ní bíi 7.5 ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta stabiliser kúrò. Ìdá mẹ́ta 200 jẹ́ bíi 66, ẹ yọ ọ́ nínú 90, ó ku 24. Àṣé 24 péré ló ń di pH mú! Kò sí kẹ́míkà tó máa yọ stabiliser bọ̀rọ̀. Mo pa iná, mo da gbogbo omi nù, mo rọ tuntun, mo tún alkalinity ẹ̀ ṣe, ó sì dúró. Tó bá jẹ́ dichlor lẹ ń lò, ẹ máa wọn stabiliser lóṣooṣù.

Hítà ti ń já iná ilé, ṣé kí n tú u wò?
Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa á láti ibi bọ́ọ̀dù iná, kẹ́ ẹ pe oníná tó níwèé ẹ̀rí.