Ẹ Má Dúró De Orúkọ Àìsàn: Bí A Ṣe Ń Ran Ìdílé Ọmọ Àkàndá Lọ́wọ́ Láti Ìkókó

Ìbéèrè tí òbí sábà máa ń kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ tó bá wá wo ọmọ rẹ̀ ni pé, “Kí ló ń ṣe é gan-an?” Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ọdún, kí àwọn dókítà tó rí i fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Àṣìṣe tí mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù ni pé gbogbo ènìyàn á káwọ́ gbera, wọn á máa retí orúkọ àìsàn, bí ẹni pé ìrànlọ́wọ́ kò ṣeé bẹ̀rẹ̀ àfi bí orúkọ bá dé. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ọmọ kì í retí ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ń yára so àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn kiri nínú rẹ̀ mọ́ ara wọn jù lọ, ohun tí ọmọ bá sì ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń mú kí okùn kan nípọn, kí òmíràn sì rọ dànù. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò àti mọ̀lébí tó ń wọlé tó ń jáde ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Iye àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Ìwádìí ńlá kan tí onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà nì, Bolajoko Olusanya, ṣíwájú rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2018, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 52.9 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ní ìpèníjà ìdàgbàsókè káàkiri àgbáyé ní ọdún 2016. Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ọdún 1990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ọmọdé ti dín kù gan-an láàárín ìgbà méjèèjì. Lójú tèmi, ohun tí èyí ń sọ ni pé a ti mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀mí ọmọ là ju bí a ṣe ń tì í lẹ́yìn lọ.

Wíwo ọmọ ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́, nítorí pé àtẹ ìdàgbàsókè, èyí tó ń sọ oṣù tí ọmọ sábà máa ń jókòó tàbí tó máa ń rìn, lè dẹ́rù ba òbí lásán bí a kò bá mọ̀ ọ́n kà, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó yẹ kó sáré. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn ọmọ tí ara wọn le ṣe ń jókòó, tí wọ́n ń rákòrò, tí wọ́n sì ń rìn ní Ghana, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan dá rìn kí wọ́n tó pé oṣù 9, àwọn mìíràn kò rìn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù 18, bẹ́ẹ̀ ara gbogbo wọn ló le. Nǹkan bí 4 nínú 100 kò tilẹ̀ rákòrò lórí ọwọ́ àti orúnkún rárá kí wọ́n tó rìn. Nítorí náà, bí ọmọ oṣù 13 kò bá tíì rìn, ìyẹn nìkan kì í ṣe ọ̀ràn. Ẹ wò bóyá ó ń tẹ̀ síwájú láti oṣù dé oṣù. Bí a bá bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé, ẹ yọ àkókò tó ṣẹ́ kù náà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 2: ọmọ oṣù 8 tí ó fi oṣù 2 yá dé, ọmọ oṣù 6 ni kí ẹ kà á sí.

Àmọ́ àwọn àmì kan wà tí a kì í dúró wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń mú nǹkan, tí ìkejì sì wà ní dídì, kì í ṣe pé ó ń lo ọwọ́ òsì bíi bàbá rẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bákan náà ni ọmọ tí ara rẹ̀ le gbagidi tàbí tó rọ̀ jọ̀ọ̀bọ̀ bí a bá gbé e, àti èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ti ń dún bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọmọ ọwọ́ tó ń ká ara jọ lójijì, tó ń tẹ orí ba, tó ń na apá méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí dé ẹ̀ẹ̀kẹwàá, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Inú rírun ni wọ́n máa ń pè é, tàbí pé ọmọ ń ta gìrì lásán, nígbà tó lè jẹ́ irú wárápá kan tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní ti etí, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ kí ẹ wá sọ pé ó gbọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló kàn án lára tàbí òjìji yín ló rí. Ẹ̀rọ ni a fi ń yẹ etí ìkókó wò, ìlànà tí àwọn onímọ̀ sì ń tẹ̀ lé ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pé oṣù 1, kí a ní ìdánilójú kí ó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6. Ìwádìí Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a mọ̀ pé wọn kò gbọ́ràn kí wọ́n tó pé oṣù 6 ní èdè lẹ́nu tàbí lọ́wọ́ ju àwọn tí a mọ ọ̀ràn wọn lẹ́yìn ìgbà náà lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí iṣan gbọ́ àṣẹ. Àtúnyẹ̀wò tí Iona Novak ṣíwájú rẹ̀ ní ọdún 2017 fi hàn pé a lè dá a mọ̀ ṣáájú oṣù 6, nígbà tó jẹ́ pé àárín oṣù 12 sí 24 ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ fún òbí tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí àmì, ó ku bí ẹ ó ṣe sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rere ti máa ń bàjẹ́. Ẹ má sọ ọ́ lójú èrò, ẹ má sì sọ ọ́ lórí ìdúró. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Kí ni ọmọ yín fẹ́ràn jù?” kí ẹ tó béèrè pé, “Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti kíyè sí?” Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá ti rí i kí ẹ tó rí i, ẹni tí yóò gbà á gbọ́ ni kò rí. Ẹ yẹra fún “Fọkàn balẹ̀, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀,” nítorí ẹ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún “Kò ní rìn láéláé,” nítorí ẹ kò mọ ìyẹn náà. Bí ìyá bá béèrè bóyá òun ló fà á, kò yẹ kí ìdáhùn yín falẹ̀: ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ kí bàbá àti àwọn àgbà ilé gbọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni iṣẹ́ inú ilé. Ní Jàmáíkà, láàárín ọdún 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọmọ 129 tí ìdàgbà ara wọn rẹ̀yìn nítorí àìjẹunre-kánú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń lọ sí ilé àwọn kan nínú wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ kan, fún ọdún 2, pẹ̀lú ohun ìṣeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, owó tí àwọn tí wọ́n ṣe báyìí fún ń gbà níbi iṣẹ́ fi nǹkan bí 25 nínú 100 ju ti àwọn tí a kò bẹ̀ wò lọ. Òótọ́ ni pé a kò yan àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nítorí pé wọ́n jẹ́ àkàndá, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èrè kan náà ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: ìyá ni àlejò náà ń kọ́, ìyá ló sì wà pẹ̀lú ọmọ ní gbogbo wákàtí tó kù.

Ẹ wo ìyá tó ń wọ ẹ̀wù fún ọmọ tí apá rẹ̀ kan le. Bí ó bá fa ìka ọmọ gba inú apá ẹ̀wù, apá náà á túbọ̀ le sí i, ọmọ á ké, ìyá á sì kánjú. Ẹ kọ́ ọ pé apá tó le ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀, òun náà ni kí ó sì bọ́ kẹ́yìn. Kí ó gbé ọmọ jókòó sórí itan, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó di èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó dúró títí iṣan yóò fi dẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá kù díẹ̀ kí ó yọ jáde, kí ó dúró, kí ó sọ pé, “Ó yá, tì í,” kí ó jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tì í jáde. Ìtìkútì yẹn ni ìdánrawò, ó sì ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ lọ síbì kan.

Oúnjẹ náà ní tirẹ̀. A kì í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, a kì í sì í da orí rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ó jókòó, kí a gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, kí ẹni tó ń fún un jókòó síwájú rẹ̀ kí ojú wọn ṣe déédéé, kí ṣíbí gba ìsàlẹ̀ wá, kí a sì dúró kí ó gbé mì kí a tó tún bu òmíràn. Bí ó bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ní omi lọ́fun, tàbí tí àyà ń dùn ún lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ilé. Ẹ wá onímọ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ sì ń fẹ́ sùúrù ju ohunkóhun lọ. Kí òbí di nǹkan méjì mú, kí ó béèrè èyí tí ọmọ fẹ́, kí ó wá dákẹ́, kí ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ikùn. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú tó ṣí sí ọ̀kan tàbí ìka tó mì, ìdáhùn ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó kó iṣẹ́ mẹ́wàá fún ìyá tí kò fojú ba oorun lálẹ́ àná kò tíì fún un ní ọ̀kankan. Láti mọ èyí tí ẹ ó mú, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí Peter Rosenbaum àti Jan Willem Gorter, àwọn onímọ̀ ní Kánádà, fi lélẹ̀ ní ọdún 2012 wúlò fún mi: ohun tí ọmọ lè ṣe, ẹbí rẹ̀, okun ara rẹ̀, ìgbádùn rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ iwájú rẹ̀. Ìgbádùn àti ọ̀rẹ́ ni a sábà máa ń gbàgbé, bí ẹni pé ọmọ tó ń gba ìtọ́jú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣeré.

Ẹ má fojú fo òbí fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ètò kan fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè wọn falẹ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ 9 àti àbẹ̀wò ilé 3. Ẹni tí kì í ṣe dókítà lè darí rẹ̀ bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, ìlera ọkàn òbí sì wà lára ohun tí wọ́n ń jíròrò níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ so òbí méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ohun tí ìyá kan yóò sọ fún ìyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa òru, nípa ọkọ, nípa ojú àwọn ará àdúgbò, kò ní sọ ọ́ fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ béèrè ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kí ó lè sùn, kí ẹ sì bá àwọn ọmọ tó kù sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n máa ń rò pé àìsàn náà yóò ran àwọn.

Bí wọ́n bá ń lọ rí dókítà, kí wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀, kí wọ́n mú fídíò ọmọ dání, torí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe níwájú dókítà ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣèlérí ìwòsàn ọjọ́ méje fún wọn, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn béèrè pé kí ni yóò ṣe fún ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Kí ẹ tó dìde nílé wọn, ẹ ká ọwọ́ yín sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kí òbí fúnra rẹ̀ ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ lójú yín, kí ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa níbẹ̀, kí ẹ sì jọ mú ọjọ́ tí ẹ ó tún wá.