Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ táyà sìkútà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun sìkútà ní Kubwa àti Nyanya l'Ábújá, ẹ má dúró dìgbà tí táyà bá bẹ́ lójú títì kẹ́ ẹ tó wò ó o. Nínú kòtò ojú táyà yẹn ẹ máa rí òkè kékeré kan, wọ́n máa ń kọ TWI sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tójú táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Tẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Àmọ́ oòrùn Àbújá yìí kì í ṣeré, kòtò lè ṣì jìn dáadáa kẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà sì ti sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, ìyẹn náà ẹ yọ ọ́ dànù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, sáìsì tó wà lára ti tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìyẹn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, bí àpẹẹrẹ 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 (tókúnbọ̀ ńkọ́? èmi ò ní rà á láéláé). Ẹ dúró ti fọkanáísà, kó kọjú ọfà ara táyà síbi tó ń yí sí, tó bá jẹ́ tubeless (èyí tí kò ní tíúbù nínú) kó pààrọ̀ fáàfù pẹ̀lú. Táyà tuntun máa ń yọ̀ o, ẹ rọra gùn ún fún bíi kìlómítà 150.