Bí a ṣe ń ṣe passive voice nínú Gẹ̀ẹ́sì, àti bí a kò ṣe ní ṣi "been" lò fún "being"

Ẹ bi ọmọ Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n bí i sí, á ní: "Wọ́n bí mi ní Ìbàdàn." Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ni "wọ́n" yẹn. Òun la máa ń lò nígbà tí a kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í sì í yí padà nítorí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa ń gbé ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí síwájú, á sì tún ọ̀rọ̀-ìṣe mọ: "I was born in Ibadan." Ohun tó ń jẹ́ passive nìyẹn.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ má lo bírò, torí ẹ máa pa nǹkan rẹ́. Ẹ kọ gbólóhùn yín, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí: "The thief stole the goat." "The goat" ló ń bọ̀ níwájú. Tí ẹ ò bá rí àbọ̀, ẹ fi gbólóhùn náà sílẹ̀. "Die", "arrive" àti "happen" kì í ní àbọ̀, ìdí nìyẹn tí "It was happened" fi jẹ́ àṣìṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ló kàn. Ẹ̀yà "be" ("is", "was", "been" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) ló ń gbé àsìkò, ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an á wá wà ní ìrísí kẹta, ìyẹn past participle. "Cooks" á di "is cooked". "Cooked" á di "was cooked". "Will cook" á di "will be cooked". "Is cooking" á di "is being cooked". "Has cooked" á di "has been cooked".

Ẹ dúró síbi méjì tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, bákan náà ni "been" àti "being" ń dún, etí ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo rí pátákó kan létí títì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "This road is been constructed" sí gàdàgbà. Ojú ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ "has", "have" tàbí "had", tí H bẹ̀rẹ̀ wọn, "been" ni. Tó bá jẹ́ "am", "is", "are", "was" tàbí "were", "being" ni. Lẹ́yìn "will", "can", "must" àti "should", "be" lásán ni. Èmi kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọjá síwájú títí tó fi máa ka èyí lórí.

Ẹ tún rántí pé olùwà tuntun, ìyẹn ohun tí ẹ gbé síwájú, ni "be" ń bá lọ. "The boy ate the mangoes" á di "The mangoes were eaten", torí máńgòrò pọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́.

Ìrísí kẹta ò ní ọ̀nà àbùjá: "steal, stole, stolen". "The goat was stole" ń ba máàkì jẹ́. Ẹ má náwó lórí ṣáàtì. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún síbẹ̀ lójúmọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ ti ń fọ eyín.

"By", tó ń fi ẹni tó ṣe nǹkan náà hàn, rọrùn: "by him" ni, kì í ṣe "by he". Tí a kò bá mọ olè náà, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. "By someone" ò fi nǹkan kan kún un.

Tí ẹ bá parí, ẹ tú u padà sí Yorùbá pẹ̀lú "wọ́n". "The goat was stolen": wọ́n jí ewúrẹ́ náà. Ó bá a mu. Àmọ́ tí ẹ bá tú u tó di pé ewúrẹ́ ló jalè, ẹ ti gbàgbé "was" nìyẹn.

Ẹ fi mẹ́ta yìí dán ara yín wò, kí ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn: Wọ́n ti san owó náà. Wọ́n ń tún afárá náà ṣe. Wọ́n máa pè yín.

"The money has been paid." "The bridge is being repaired." "You will be called."