Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwa Tí Jẹjẹrẹ Prostate Ti Tàn Dé Eegun

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, èyí tí ó ti wọ eegun, ti jọ ń gbé inú ara kan náà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọ̀rọ̀ náà sí létí kì í pè mí láti béèrè ohun tí ó yẹ kí òun rà. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ohun tí kò yẹ kí òun rà. Mo ń rí i bí owó àti agbára tí ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ ná fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ń tán láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, inú sì ń bí mi, pàápàá nítorí pé èmi náà ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ rí. N kò ní í tún ṣàlàyé PSA, iye tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ wa láti fi ṣọ́ jẹjẹrẹ yìí, tàbí ìdí tí wọ́n fi ń dènà họ́mónù ọkùnrin. Dókítà yín ti sọ ìyẹn. Bí kò bá tíì sọ ọ́, ẹ padà lọ bi í. Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí nìyí.

1. Kí ènìyàn máa fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ń dènà họ́mónù falẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kò lè di ti oṣù mẹ́rin nítorí pé ara yá gágá.

2. Kí ènìyàn kọ oògùn tí wọ́n ní kí ó máa gbé mì nígbà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí, irú bíi leuprolide àti goserelin, máa ń kọ́kọ́ gbé testosterone, họ́mónù ọkùnrin náà, sókè fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ rì. Nínú ara ẹni tí àrùn ti bà sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lè mú ìrora wá, ó sì lè ṣe ohun tí ó ju ìrora lọ; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wa ní bicalutamide, oògùn agbémì tí ń dí testosterone lọ́nà, fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, ó ní òun kò lè gbọ́ pé wọ́n fi oògùn méjì lé àrùn kan. Ní òru ọjọ́ kẹfà, orí àga ni ó sùn mọ́jú, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà kí ó dùbúlẹ̀.

3. Kí ènìyàn fi oúnjẹ ti abiraterone lẹ́yìn, oògùn agbémì tí kì í jẹ́ kí ara ṣe testosterone. Inú òfìfo ni wọ́n ń lo miligíráàmù 1,000 rẹ̀: ẹnu kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ fún wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kàn án fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè sọ èyí tí ń wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹnì kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èrè nìyẹn. Èrè kọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ ríru, potassium tí ó lọ sílẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ kò dá ni yóò kọ́kọ́ pín èrè náà. Àwọn dókítà kan máa ń dín in kù sí miligíráàmù 250 pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ṣe ìṣirò yẹn, kì í ṣe aláìsàn tí ebi ń pa. Prednisone, oògùn steroid tí ó ń bá a rìn, náà kò ṣe é já sílẹ̀ lójijì.

4. Kí ènìyàn sọ PSA di òrìṣà. Ibí ni inú ti ń bí mi jù, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan, níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ òtítọ́. Wọ́n fún mi ní 2.8, 3.3 àti 2.6. Mo jókòó lóru, mo ń fa ìlà sínú ìwé bí ọmọ ilé-ìwé, mo ń bi ara mi ohun tí ó gbé e gòkè ní Ọjọ́rú àti ohun tí ó fà á wálẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ohun tí ó gbé e, kò sì sí ohun tí ó fà á. Bí ẹ̀rọ kan ṣe ń ka iye náà kọ́ ni èkejì ń kà á. Àkóràn ojú ìtọ̀ lè gbé e sókè. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ docetaxel, oògùn kẹ́mò tí ń pa jẹjẹrẹ, lè rí i kí ó gòkè fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wálẹ̀. Iye kan ṣoṣo kò sọ ohun púpọ̀. Ibi tí ó ń dojú kọ láti oṣù dé oṣù ni dókítà ń wò, láti ibi àyẹ̀wò kan náà, pẹ̀lú àwòrán eegun àti bí ara ṣe ń ṣe aláìsàn, torí pé àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí wọ́n ń tàn tí PSA kò sì gòkè.

Síbẹ̀, n kò gbọ́n. Nígbà tí docetaxel ti gé irun mi kù, irun tí ó ti ń múra àtilọ tipẹ́ kí jẹjẹrẹ tó dé, mo ra biotin, fítámì tí wọ́n ń tà fún irun, ní owó gọbọi kí irun lè hù padà. Bí mo ṣe lọ ṣe àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e, PSA ti já láti 3.1 sí 0.4. Mo pe gbogbo ẹbí. Mo ti ń rò ó pé bóyá kí n sún abẹ́rẹ́ tí ó kàn síwájú. Dókítà mi kò bá mi yọ̀. Ó ní kí n lọ kó gbogbo ohun tí mo ń gbé mì wá. Mo tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ìgò biotin náà nìkan, ó tì í sápá kan. Biotin tí ó pọ̀ máa ń da àwọn ọ̀nà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan rú, ó sì lè mú kí PSA dà bí ẹni pé ó kéré ju bí ó ṣe rí lọ. FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ní 2017. Mo dá a dúró, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: 3.4. Irun náà kò sì hù.

Ọ̀rọ̀ ìgò ti gbà mí lẹ́nu báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Àdàlù ewé mẹ́jọ kan wà tí wọ́n ń pè ní PC-SPES, tí àwọn ọkùnrin bíi tiwa ń rà káàkiri, PSA wọn sì ń wálẹ̀ ní tòótọ́. Ní 2002, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ, nítorí pé nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n bá warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, wọ́n sì bá diethylstilbestrol, họ́mónù obìnrin àtọwọ́dá tí wọ́n ti fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ prostate tipẹ́tipẹ́. Oògùn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé mì láìmọ̀, láìsí ẹni tí ó wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn. N kò sọ pé ewé kò lágbára. Ara ewé igi yew ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n fi ń ṣe docetaxel. Ohun tí mo ń sọ ni pé ti docetaxel ní ìwọ̀n, ẹ sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Fítámì E ńkọ́? Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lára àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 35,000 tí jẹjẹrẹ yìí kò tíì mú, àwọn tí ń lo fítámì E nìkan ni ó mú jù, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2011.

Eyín. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín yẹ ẹnu yín wò, kí ó sì yọ èyí tí yóò yọ, kí ẹ tó gba zoledronic acid tàbí denosumab fún eegun. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ eyín kan fún mi lẹ́yìn oṣù kẹrìnlá tí mo ti ń gbà á, ojú ibẹ̀ kò sì san fún oṣù mẹ́jọ. Eegun àgbọ̀n mi hàn síta bí òkúta inú ilẹ̀.

Jíjókòó sójú kan. Ẹ dìde, ẹ máa gbé ohun tí ó wúwo díẹ̀ bí dókítà bá ti yẹ eegun yín wò, torí pé àìsí testosterone ń jẹ iṣan àti eegun.

Kíka iye ọdún tí ó kù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà gba ìtọ́jú kí àwọn oògùn tí ẹ ń lò tó jáde.

Ìkarùn-ún ni, tàbí ìkẹjọ, mo ti ṣì í kà: kí ènìyàn máa fi oògùn ara ríro tan ẹ̀yìn dídùn jẹ. Bí ìrora tuntun bá mú yín lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ ń rọ, tí agbede méjì itan ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Ó lè jẹ́ pé àrùn náà ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ pé jẹjẹrẹ wà ní eegun yín, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán gbogbo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ pátá kì í sábà rí i gbà padà. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọjọ́ mọ́kànlá ra òróró ìfọwọ́ra. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó wà títí di òní, ó sì ṣì máa ń bi mí bóyá òróró náà kò dára ni.

Èyí tí ó kẹ́yìn, kí ènìyàn ka àyẹ̀wò àbínibí sí ohun tí kò kàn án. Bí àléébù bá wà lára BRCA2, ọ̀kan nínú àwọn àbùdá (gene) tí a ń jogún, ó lè ṣí ọ̀nà sí oògùn bíi olaparib, tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú wa ní Amẹ́ríkà ní 2020. Ìlàjì ni àǹfààní pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin. Èmi ní i. Ọdún méjì ni mo fi pa ìwé náà mọ́ sábẹ́ ibùsùn, mo ń sọ pé n kò fẹ́ da ọkàn ẹnikẹ́ni rú. Ọmọbìnrin mi ni ó rí i, ní ọjọ́ tí ó ń gbálẹ̀ yàrá mi. Ó mú un dání, ó wo fáìlì tí mo to gbogbo èsì PSA sí lọ́jọ́ọjọ́ lórí tábìlì, ó ní: “Dádì, ìwé PSA mọ́kànléláàádọ́rin lẹ tò síbí, èyí tó kàn mí nìkan lẹ wá fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?”