Elégédé mi ń já ní kékeré, wọ́n ń ta oògùn fún mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí o. Owó tí mo ná sórí oògùn àti fatiláísà nítorí elégédé yìí ju owó irúgbìn àti owó abala ilẹ̀ tí mo háyà lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkankan tó wúlò nínú wọn.

Gbígbìn ẹ̀ ò le, mi ò ní fi ìyẹn gba àsìkò yín. Ẹ ṣáà fi ààyè bíi mítà 2 sílẹ̀ láàárín ìdí kan sí èkejì torí ìtàkùn ẹ̀ máa ń rìn. Tèmi yọ, elégédé lápá kan, squash tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ lápá kejì, ewé ẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, ẹni tó bá ń kọjá á dúró wò ó ni.

Ìgbà tó tanná ni wàhálà dé. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn òdòdó á tóbi díẹ̀, á pupa rúsúrúsú, á rọ̀, ó já. Mo lọ bá ẹni tó ta irúgbìn fún mi, ó ní àìsàn ni, ó ta oògùn fún mi, mo fín in, wọ́n ṣì ń já. Mo padà lọ, ó ní ebi ló ń pa ilẹ̀, ó tún gbé fatiláísà tí naitrójìn kún inú ẹ̀ fún mi, ewé ló wá ń yọ ṣáá! Kò bi mí rí bóyá oyin ń wá sórí òdòdó yẹn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, akọ òdòdó ọ̀tọ̀, abo ọ̀tọ̀, lórí ìtàkùn kan náà. Abo ló ní ọmọ kékeré lẹ́yìn, akọ ò ní. Tí ìyẹ̀fun akọ, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tó wà láàárín ẹ̀, ò bá dé ara abo, ọmọ yẹn máa já ni, kò sí oògùn ẹ̀. Atẹ́gùn ò sì lè gbé ìyẹ̀fun yẹn torí ó wúwo, ó ń lẹ̀, oyin ló ń gbé e. Àárọ̀ kùtù ni òdòdó ń ṣí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti padé. Mo wá lọ ṣọ́ ọ láàárọ̀, mi ò rí oyin, ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ni mo bá, ó ń fín oògùn kòkòrò ní àsìkò tí òdòdó là sílẹ̀ gẹ́lẹ́! Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa fín in nírọ̀lẹ́, ó ní ilẹ̀ òun ni.

Ni mo bá gba iṣẹ́ oyin ṣe. Mo já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, mo ya ewé yẹ́lò ara ẹ̀ kúrò, mo fi ọ̀pá àárín ẹ̀ pa àárín abo yí ká, mo so òwú mọ́ ọn kí n lè dá a mọ̀. Àwọn tí mo so òwú mọ́ ló dúró, wọ́n tóbi, inú mi dùn gan-an ni!

Tí mo bá tún gbìn ín, màá ṣọ́ òdòdó láàárọ̀ kí n tó gbọ́ tẹni tó ń ta oògùn. Ẹ̀yin tó fẹ́ tọ́jú irúgbìn láti tún gbìn, ẹ ṣọ́ra, àwọn míì nínú elégédé àti squash máa ń gba ìyẹ̀fun ara wọn, irúgbìn bẹ́ẹ̀ lè so èyí tó korò, tó bá ti korò ẹ dà á nù, májèlé ni. Tí èèpo elégédé bá ti le tí èékánná ò wọ̀ ọ́, ẹ gé e tòun ti ọ̀pá kékeré tó so ó mọ́ ìtàkùn, ẹ sá a sóòrùn bí ọjọ́ 10. Ẹ má fi ọ̀pá yẹn gbé e o, tó bá kán, ibẹ̀ láá ti jẹrà.